Ẹnu Olólùfẹ́ Nígbà Tí Ikọ̀ Rẹ̀ Bá Ń Fìdí Rẹmi

Ní sáà 2021 sí 2022, ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ọkùnrin ti Yunifásítì Georgetown, ní ìlú Washington, gbá ìfigagbága 19 nínú líìgì wọn, ìyẹn Big East, wọn kò sì borí nínú ẹyọ kan ṣoṣo. Ikọ̀ yìí kan náà ló gba ife Big East ní oṣù kẹta 2021, lẹ́yìn tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá líìgì náà ti ní ìkẹyìn ni wọn yóò ṣe. Patrick Ewing ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Àwọn àgbà wa tó fẹ́ràn eré yìí mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni òpó Georgetown ní 1984, nígbà tí wọ́n fi àmì ayò 84 sí 75 borí ikọ̀ Yunifásítì Houston, tí Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó, wà nínú rẹ̀, ní àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì. Hakeem gbẹ̀san ní 1994, nígbà tí Houston Rockets rẹ̀ borí New York Knicks ti Ewing, 4 sí 3, tí wọ́n gba ife àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́.

Nígbà tí nǹkan bá dàrú fún ikọ̀ báyìí, kálukú a di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Èyí á ní kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọ gíga tó dúró sábẹ́ àwọ̀n, torí bí Ewing ṣe gbá tirẹ̀ nìyẹn. Èkejì á ní ayé ti kúrò níbẹ̀, pé láti òkèèrè ni kí wọ́n ti máa jù ú fún àmì ayò mẹ́ta. Ẹlòmíràn á ní ọmọ tó ń darí eré ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lójú kan títí ìṣẹ́jú àáyá 30 tí òfin fún wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí yóò wá sáré jù ú sókè bí ẹni ń ju òkò sí máńgòrò. Kí ló sì dé tí ọmọ ọdún kìn-ín-ní yẹn ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì?

N kò rí àléébù kankan nínú irú iyàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fowó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó jáde nínú òtútù oṣù kìíní, ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo tilẹ̀ gbà pé àwọn tó ní kí Ewing fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹ́. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, 7 ni wọ́n borí nínú 32, ilé ẹ̀kọ́ náà sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta 2023. Àgbàlagbà tó gba irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé èsì ni wọn yóò fi wọn òun. (Ed Cooley ló gba ipò rẹ̀, ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, 9 ni wọ́n borí nínú 32, kí ẹni tó rò pé ènìyàn kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀ tún un rò.) Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí iyàn ti ń kúrò lórí eré, tó ń bọ́ sórí ọmọ ènìyàn, sórí àwọ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀.

Ta tilẹ̀ ni à ń bú? Ọmọ ọdún 18 sí 22 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ní ìdánwò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Láti 2021 ni wọ́n ti gbà wọ́n láyè láti fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pawó, àwọn kan sì ti sọ èyí di àwíjàre pé ẹni tó ń gbowó gbọ́dọ̀ lè gba èébú. Orúkọ àti àwòrán ni wọ́n tà. Wọn kò ta iyì wọn fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ títo ikọ̀ yìí fínnífínní, torí ibẹ̀ ni ìwà ti ń hàn. Eré náà jẹ́ 40 ìṣẹ́jú, ènìyàn márùn-ún ló ń wà lórí pápá fún ikọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200 ìṣẹ́jú, òun sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò pín fún ọmọ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 10 kún ti ọmọ kan gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ẹni tí wọn yóò yọ ọ́ lára tirẹ̀. Ìbéèrè yìí ni mo fi ń mọ olólùfẹ́ tó mọ ohun tó ń sọ. Òun á fara balẹ̀ dáhùn. Á ní ọmọ báyìí ń ṣọ́ àwọ̀n dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè jù ú wọlé láti òkèèrè, nítorí náà ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ a fi í sílẹ̀, a lọ dínà mọ́ àwọn yòókù, bọ́ọ̀lù kò sì ní ríbi gbà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ lè jókòó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì rí nǹkan mú lọ síbi ìgbáradì. Ẹni tí kò mọ̀ á kàn pariwo pé, "Ẹ lé òmùgọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú wa tó wà níbi ìgbáradì. A kò mọ ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ ń dùn, a kò mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ wà lórí àìsàn.

Georgetown ti rí ẹnu burúkú rí. John Thompson di akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ náà ní 1972, lẹ́yìn sáà tí wọ́n borí 3 péré nínú 26. Ní 1975, nígbà tí wọ́n ń fìdí rẹmi léraléra, àwọn kan ta aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì sínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra tí wọ́n fi ń tẹ́ńbẹ́lú ènìyàn dúdú sí i, pé kí ó máa lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa eré lára aṣọ yẹn. Ní sáà yẹn gan-an ni Thompson kó wọn dé NCAA, ìdíje ńlá àwọn yunifásítì, tí Georgetown kò fojú kàn láti 1943. Ká ní wọn kò débẹ̀ pàápàá, ká ní gbogbo èyí tó kù ni wọ́n pàdánù, ìwà ìbàjẹ́ náà ni aṣọ yẹn ì bá jẹ́. Nígbà tí Ewing dé bí akẹ́kọ̀ọ́, àwọn alátìlẹ́yìn ikọ̀ mìíràn gbé páálí sókè pé kò mọ̀wé kà, wọ́n sì ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí pápá. Ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé òun yóò gboyè. Ìyá náà kú ní 1983. Ewing gboyè ní 1985.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù nípa Thompson ṣẹlẹ̀ ní New Orleans, ní àṣekágbá ìdíje NCAA ti 1982. North Carolina ń fi àmì ayò kan ṣoṣo ṣíwájú, 63 sí 62, lẹ́yìn tí ọmọdé kan tó ń jẹ́ Michael Jordan ju tirẹ̀ wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Fred Brown ti Georgetown. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí ẹnìkan lápá ọ̀tún, ó rò pé ará ilé ni, ó sì gbé bọ́ọ̀lù fún un. James Worthy ti North Carolina ni. Ife lọ lójú gbogbo Amẹ́ríkà. Thompson jẹ́ ẹni líle, tí ohùn rẹ̀ máa ń dún bí ó bá ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí níbi ìgbáradì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sọ̀rọ̀ àbùkù sí Brown. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fa ọmọ náà mọ́ àyà. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọkùnrin yìí mọ ìgbà tí a ń lo ọ̀tún. Fred Brown ṣì wà nínú ikọ̀ tó gba ife ní 1984, Thompson sì tún dì mọ́ ọn.

Àwọn kan nínú wa dà bí ẹni tó ń sọ pé bí ọmọ bá dára, òun ló bí i, bí kò bá dára, ìyá rẹ̀ ló bí i. Tẹ́tẹ́ sì ti bu epo sí i. Ìpínlẹ̀ Ohio fàyè gba tẹ́tẹ́ eré ìdárayá ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìíní 2023. Oṣù yẹn kò tíì parí tí Anthony Grant, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Dayton ní ìpínlẹ̀ náà, fi jókòó níwájú àwọn oníròyìn, tó ń sọ nípa èébú tí àwọn atatẹ́tẹ́ fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ní 2024, Ohio fòfin de títa tẹ́tẹ́ lórí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dá ṣe nínú eré. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ tó sì pàdánù kò bá ọmọ náà ṣe àdéhùn kankan, owó rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ẹ̀yin òbí Yorùbá tó wà ní Houston, ní Maryland àti káàkiri Amẹ́ríkà, ẹ máa kó àwọn ọmọ yín lọ wo eré yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ẹ ṣe ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ eré àti ẹni tó yẹ kó sinmi, kí wọ́n máa dá yín lóhùn. Bí ẹni tó jókòó tì yín bá wá ń bú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ má ṣe bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún un lójú àwọn ọmọ yín pé ó tó gẹ́ẹ́.