Orin Àtijọ́, Àrà Tuntun

Bí ènìyàn bá gba orin tí ó bá nílẹ̀, tí ó sì yí i padà, ó tún un ṣe ni, tàbí ó bà á jẹ́? Ìwọ ọ̀dọ́, má ṣe kánjú dáhùn.

Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, fi ohùn orin ilẹ̀ wa yin Ọlọ́run nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1922 ó kọ orin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn rẹ̀, Fẹlá Ṣówándé (1905–1987) mú orin Yorùbá kan, ó fi dá onírúurú àrà fún dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì pè é ní Oyígíyigì.

Báyìí ni a ṣe ń kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: a ó kọ́kọ́ gbé orin náà kalẹ̀ gedegbe, kí etí lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà a ó fà á gùn, a ó gé e kúrú, a ó fi ohùn mìíràn yí i ká. Ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù. Ẹni tí ó bá rántí orin àkọ́kọ́ ni yóò rí ojú tí ó mọ̀ lábẹ́ aṣọ tuntun. Níbẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Àwọn kan ní àṣà baba wa kò gbọdọ̀ yí padà rárá. Àwọn mìíràn ní kí a kó o dànù. Èmi kò gbà pẹ̀lú ìhà kejèèjì. Kọ́ orin náà dáradára kí o tó dárà sí i. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ń bà á jẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí ó sì fi tirẹ̀ kún un, ni kò jẹ́ kí ó kú.