Kí A Mú Wọn Jókòó

Ẹ̀kọ́ tí a gbé ìwàásù yìí kà: Ìhìnrere Máàkù Mímọ́, orí 6, láti ẹsẹ 30 dé 44.



Ìtàn ìṣù àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Láti ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni a ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a máa ń yára kọjá. Kí Olúwa tó gbé àkàrà sókè, kí Ó tó súre, kí Ó tó bù ú, Ó kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí a mú àwọn ènìyàn náà jókòó lórí koríko tútù, ní ẹgbẹẹgbẹ́, àwọn mìíràn ọgọ́rùn-ún, àwọn mìíràn àádọ́ta. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ebi ń pa wọ́n, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn sì ń kánjú. Síbẹ̀ Olúwa kò jẹ́ kí ẹnìkan fi ìjàkadì gba oúnjẹ. Lórí èyí ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ní oṣù yìí, nítorí ebi wà láàrin wa, ara àwọn ọmọdé ni ó sì ń bà jẹ́ jù.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a mọ ebi tí a ń wí. Ẹnìkan lè béèrè pé, “Ebi kẹ̀? Ní agbègbè tiwa, láti ilé OPIC dé Mowe àti Ìbafò, àní títí dé Ìfọ̀, níbi tí ilé tuntun ń yọ lójoojúmọ́?” Bẹ́ẹ̀ ni, ará. A kì í fi páànù sebẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwòdé, èyí tí Mowe àti Ìbafò wà nínú rẹ̀, ni ilẹ̀ tí ìrẹsì Ọ̀fàdà ti jáde, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa kò ní oko. À ń gbé níhìn-ín, Èkó ni a sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìjọba mú owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ti kọjá 480 náírà kí oṣù náà tó parí. Owó ọkọ̀ ìdájí àti ti ìrọ̀lẹ́ bá a gòkè. Owó iṣẹ́ kò bá a gòkè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ.

Kí ni ìdílé yóò ṣe? Onílé kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, onímọ́tò kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ikùn ọmọ nìkan ni a lè bẹ̀ pé kí ó dúró di ọ̀la. Báyìí ni ẹran ṣe ń kúrò nínú ìkòkò, tí ẹja tẹ̀ lé e, tí ẹ̀wà tẹ̀ lé e, títí ó fi ku gààrí àti omi. Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí bá. Ní ọdún 2023, àjọ oúnjẹ ti àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú ènìyàn márùn-ún ní ilẹ̀ Áfíríkà, ẹnìkan kò jẹun tó. Àwọn baba wa wí pé bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ǹjẹ́ nígbà tí oúnjẹ gan-an bá di ìṣẹ́, kí ni ó kù?

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ebi ń ṣe sí ọmọ. Ebi ọmọdé kì í fìgbà gbogbo pariwo. Ọmọ lè jẹ ẹ̀bà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, kí ikùn rẹ̀ kún, kí ebi sì máa pa ara rẹ̀ síbẹ̀. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan tí à ń pè ní Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Ghana nísinsìnyí, kọ̀wé nípa irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò tí ń bọ̀, tí a sì ń fi ògì àgbàdo nìkan bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, irun rẹ̀ a pọ́n, inú rẹ̀ kò ní í dùn mọ́. Àwọn ará Gà ti ní orúkọ fún un kí dókítà tó dé: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí àbúrò gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 2018, ìwádìí ìjọba lórí ìlera fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, 37 ni ó kúrú ju bí ọjọ́ orí wọn ti yẹ lọ, nítorí àìjẹun tó dára fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí ọmọ pàdánù láti inú oyún títí di ọdún méjì, ó ṣòro púpọ̀ láti dá padà fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyèsí ọmọ tí ń sùn nínú kíláàsì kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ má ṣe yára pè é ní ọ̀lẹ. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Pàṣán kò sì lè kọ́ ọmọ tí kò jẹun ní ìṣirò. Ní ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní dé ìkẹta ní ilé ìwé ìjọba ní oúnjẹ ọ̀sán. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 a dá ètò náà dúró nítorí ìwádìí. Fún ọmọ mìíràn, àwo kan yẹn ni oúnjẹ gidi tí ó ń rí lójúmọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a mọ bí ó ti yẹ kí a fi fún wọn. A kò gbọdọ̀ gbàgbé ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ní Ìbàdàn, ní ọgbà ilé ìwé Islamic High School ní Baṣọ̀run, a ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn ọmọdé nítorí ọdún tí ń bọ̀. Àwọn òbí kó ọmọ wọn wá láti òru. Ogunlọ́gọ̀ rọ́ lu ẹnu ọ̀nà, ọmọ 35 sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí, níbi tí a ti ń pín oúnjẹ Kérésìmesì ní Abuja àti ní Okija, àwọn ènìyàn tún kú bákan náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a wí pé ojúkòkòrò ni ó pa wọ́n. Ìyá tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn lóru nítorí ẹ̀bùn kì í ṣe olójúkòkòrò. Ebi ni ó lé e jáde. Àwọn tí ó pè wọ́n pẹ̀lú lè ní inú rere. Ṣùgbọ́n inú rere tí kò mú ènìyàn jókòó lè di ikú.

Ará, nínú ìtàn wa, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn fẹ́ kí a rán àwọn ènìyàn lọ kí wọ́n lọ ra oúnjẹ fún ara wọn. Nígbà tí Olúwa kọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò owó tí wọn kò ní. Olúwa kò béèrè ohun tí wọn kò ní. Ó ní kí wọ́n lọ wo ohun tí ó wà lọ́wọ́. Ǹjẹ́ kí ni ó wà lọ́wọ́ wa? Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀wà wà, tí a ń kó wá síwájú pẹpẹ ní ọjọ́ Ìkórè, tí a sì ń tà ní gbàǹjo. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ya ìdá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ tí ebi ń pa. Kí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá pẹ̀lú àwọn olùkọ́ fi ìdákẹ́jẹ́ mọ ilé tí ó ṣe aláìní, yálà onígbàgbọ́ ni wọ́n tàbí mùsùlùmí, nítorí ebi kì í béèrè ẹ̀sìn. Kí a gbé oúnjẹ náà lọ sí ilé wọn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Kí ó jẹ́ ohun tí ń mú ọmọ dàgbà: ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀pà, edé, ẹja gbígbẹ. Kí a má ṣe pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ, kí a má sì ya àwòrán ẹni tí ó gba kóńgò ẹ̀wà kan. Ìtìjú pẹ̀lú máa ń pa ènìyàn.

Ní ìparí, Máàkù wí pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin ni ó jẹun. Mátíù ni ó rántí fi kún un pé àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé wà níbẹ̀ tí a kò kà mọ́ wọn. A kò kà wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó, wọ́n sì jẹ, wọ́n yó. Ní ojúlé tiwa yìí, ẹ jẹ́ kí a ka àwọn ọmọ náà, kí a mọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tó di pé òkú wọn ni a óò máa kà.

Kí Olúwa tí ó ṣàánú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní aginjù la ojú wa láti rí ti ẹnu ọ̀nà wa, kí Ó sì bùkún ìwọ̀nba tí ó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.