Ọ̀nà Kan Ò Wọjà

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tó gba ìsàlẹ̀ wọ̀ ọ́ lè kọ́kọ́ bá aláta pàdé. Ẹni tó gba òkè wá, aláṣọ ló lè kọ́kọ́ bá pàdé. Ọjà kan náà ni, ohun tójú rí ni kò dọ́gba.

Bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Olabisi Onabanjo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, ṣe rí. Àgọ́-Ìwòyè ni àárín ọjà, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń gba Ìbògùn wọlé, ti ìṣègùn ń gba Ṣàgámù, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ń gba Ayétòrò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ayétòrò ni mo máa ń rò jù. Oko ló yí i ká. Àgbẹ̀ tó ru ẹ̀gẹ́ kọjá lè kọ́ ọ ní ohun tí ìwé fò. Ṣùgbọ́n, ká má purọ́, ọ̀nà tirẹ̀ jìn sáàárín ọjà. Nítorí ìbuwọ́lùwé kan ṣoṣo, ó lè jí wọkọ̀ ní kùtùkùtù, kó délé lálẹ́ pẹ̀lú eruku lọ́rùn.