Mátírẹ́ẹ̀sì Tó Ti Gbó: Ṣé Ká Kó O Lọ Ni, Àbí Ká Fi Ṣe Sàárà?



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó jẹ́ ká tún fojú kan Ràmàdáànì. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.  

Lẹ́yìn èyí, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi ṣe ọ̀rọ̀ tòní. Tọkọtaya kan nínú wa ń kó kúrò nílé tí wọ́n háyà láàárín oṣù àwẹ̀ yìí gan-an, nítorí pé ìwé ilé wọn ti parí. Wọ́n ti bá onífáànù sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń di ẹrù sínú páálí lálaalẹ́ lẹ́yìn ìrun àṣámù. Ohun kan ṣoṣo ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀, ìyẹn mátírẹ́ẹ̀sì ńlá tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí. Baálé ní kò sí ohun tó ṣe é, àárín rẹ̀ kàn tẹ̀ díẹ̀ ni. Ìyàwó ní òun kò ní gbé e wọ ilé tuntun láéláé. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n kúkú fi ṣe sàárà, torí pé làádá sàárà inú Ràmàdáànì pọ̀. Ni wọ́n bá ní kí n bá wọn wá ẹni tí wọ́n máa gbé e fún. Wọ́n gbà mí láyè pé kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá síbí, torí kì í ṣe ilé tiwọn nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ká tó dé orí sàárà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá Baálé lóhùn. Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn kó ohun àtijọ́ lọ sílé tuntun. Ìyá wa Àíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ló ròyìn pé awọ ni ibùsùn Ànọ́bì, ohun kan tó dà bíi kànrìnkàn tí wọ́n ń yọ lára igi dàbínù ni wọ́n sì kì sínú rẹ̀. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Wọ́n tún gbà á wá pé Umar ọmọ Khattab wọlé bá Ànọ́bì lọ́jọ́ kan, ó rí ojú ẹní lára ìhà rẹ̀, omi sì bọ́ lójú Umar nígbà tó rántí bí ọba Páṣíà àti ọba Róòmù ṣe ń jayé. Ànọ́bì bi í bóyá kò tẹ́ ẹ lọ́rùn pé kí ayé jẹ́ tiwọn, kí ọ̀run jẹ́ tiwa. Àwọn tó dàgbà nínú wa náà kò tíì gbàgbé bẹ́ẹ̀dì oníkoríko àti ìrọ̀rí tí wọ́n fi òwú àràbà ṣe, kí fóòmù tó gbòde nílé. A sùn, a sì jí.

Àwọn tó ń ta mátírẹ́ẹ̀sì níbí máa ń sọ pé tó bá ti pé ọdún 7 tàbí 8, ká pààrọ̀ rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ rántí pé ọjà ni wọ́n ń tà. Ẹ̀yìn yín ni kí ẹ bi. Ànọ́bì sọ fún Abdullah ọmọ Amr, ẹni tó ń fi àwẹ̀ àti ìrun òru ni ara rẹ̀ lára, pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Tí mátírẹ́ẹ̀sì bá ṣì gbé ara yín ró dáadáa, tó mọ́, ẹ gbé e sínú fáànù, kí ẹ má wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá ń mú kí ẹ jí pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn ti kúrò ní èyí tí ẹ lè torí owó tí ẹ fi rà á máa gbé kiri.

Ohun kan wà tí mo máa ń rí, tí kò dùn mọ́ mi. Muslim gba hádíìsì kan wá láti ọ̀dọ̀ Jabir, níbi tí Ànọ́bì ti ka ibùsùn: ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún ìyàwó, ẹ̀kẹta fún àlejò, ó sì ní ti ṣàítáánì ni ẹ̀kẹrin. Àwọn onímímọ̀ ṣàlàyé pé èyí tó ju ohun tí a nílò lọ, tí a kàn kó jọ fún fáàrí, ló ń bá wí. Lórí ẹ̀kẹrin yìí ni wáàsí sábà máa ń dá lé. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ bá mi wò. Àlejò ní ibùsùn tirẹ̀ nínú ìṣirò náà. Nínú ilé tiwa ńkọ́? Èyí tí àwa kò lè sùn lé mọ́ la máa ń gbé sí yàrá àlejò. Ìyá ẹni, àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún, á gbéra láti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, orí rẹ̀ lá á sì sùn títí oṣù mẹ́fà físà rẹ̀ á fi pé. Tí ẹ bá bi í, á ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Kí lẹ fẹ́ kó sọ?

Tí ìdun bá ti wọ mátírẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìdun lè wà láìjẹun fún ọ̀pọ̀ oṣù, inú ojú rírán àti igi bẹ́ẹ̀dì ló máa ń sá sí, ẹyin rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé rí. Ẹ má gbé irú rẹ̀ wọ ilé tuntun, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fọ aṣọ ibùsùn nínú omi gbígbóná 60°C kí ẹ tó dì í. Ànọ́bì kọ̀ fún ẹni tó ní ràkúnmí tó ń ṣàìsàn pé kó má kó o lọ bá ràkúnmí onítọ̀hún tí ara rẹ̀ le. Aládùúgbò tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín àwa àti òun náà ní ẹ̀tọ́ yẹn.

Ó wá ku sàárà, òun gan-an ló mú mi kọ̀wé yìí.

Tirmidhi gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Bara ọmọ Azib pé àwọn ará Mọ̀dínà tó ní oko dàbínù máa ń gbé ṣírí dàbínù wá sí mọ́ṣáláṣí Ànọ́bì, wọ́n á fi kọ́ síbẹ̀. Àwọn tálákà kan wà tí kò nílé tí kò lọ́nà, abẹ́ ìbòji kan ní mọ́ṣáláṣí náà ni wọ́n ń gbé. Tí ebi bá ń pa ọ̀kan nínú wọn, á fi ọ̀pá rẹ̀ lu ṣírí náà, èyí tó bá jábọ́ lá á jẹ. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé ṣírí tó ti ṣẹ́, tí èso rẹ̀ ti bàjẹ́, ni wọ́n ń gbé wá fi kọ́. Nítorí wọn ni áyà 267 nínú Súratul Baqarah ṣe sọ̀kalẹ̀. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa níbẹ̀ pé ká má dìídì ṣa èyí tó burú láti fi tọrẹ, irú èyí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé e fún àwa náà, àfi ká di ojú wa ká tó lè gbà á.

Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó mú ọ̀pá dání. Ebi ń pa á. Ó lu ṣírí, jíjẹrà ló já bọ́. Ta ló fẹ́ bá wí? Kò mọ ẹni tó gbé e wá, kò sì sí ṣírí mìíràn.

Ẹni tó mú ọ̀pá dání yẹn wà láàárín wa lónìí. Òun ni ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, tó ti fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ san físà àti owó ilé-ẹ̀kọ́, tó gba yàrá òfìfo, tó ń tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sùn lẹ́yìn tó bá ti iṣẹ́ òru dé. Tí àgbà bá pè é pé "wá gbé mátírẹ́ẹ̀sì kan lọ́dọ̀ mi," ṣé ẹ rò pé ó lè sọ pé ó dọ̀tí? Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé kì í wo ẹnu ẹ̀bùn àgbà. Á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, á ní "Ẹ ṣé sà, ẹ ṣé mà, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san." Ẹ̀kọ́ rere tí a fi tọ́ ọmọ náà la wá fi bo ìdọ̀tí tiwa mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá délé, á ri pé irin ti ń yọ sóde, á ri pé ọmọ ti tọ̀ sí i ní àìmọye ìgbà. Yóò ti sanwó fún ẹni tó bá a gbé e wá, yóò tún wá owó tí yóò fi gbé e dànù. Gbèsè la gbé lé e lórí, a sì ń retí làádá lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Mi ò sọ pé àfi tuntun ló ṣeé fi ṣe sàárà. Ànọ́bì ní ká bọ́ lọ́wọ́ iná, ì báà ṣe pẹ̀lú ìlàjì dàbínù kan. Ìlàjì ni o, kì í ṣe jíjẹrà. Mátírẹ́ẹ̀sì tí ẹ ti lò fún ọdún mẹ́ta, tó mọ́, tó ṣì le, tí ẹ̀ ń fi sílẹ̀ torí pé yàrá tuntun kò gbà á, sàárà ńlá ni. Nígbà tí áyà 92 nínú Súratu Āli Imrān sọ̀kalẹ̀, pé a kò lè dé ibi oore títí a ó fi ná nínú ohun tí a fẹ́ràn, ọgbà tí Abu Talha fẹ́ràn jù, Bayruha, ló gbé sílẹ̀. Àwa kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà la kọjú sí. Bí oṣù yìí bá ń parí lọ, gbogbo wa la máa wọn sàká ìtúnu àwẹ̀. Mi ò rí ẹni tó máa dìídì wọn ìrẹsì tó ti ní kòkòrò síbẹ̀. A mọ̀ ọ́n nínú oúnjẹ, kí ló dé tí a kò mọ̀ ọ́n nínú ibùsùn?

Tí ẹ bá fẹ́ fi mátírẹ́ẹ̀sì tọrẹ, ẹ ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kí ẹ yí i síwá sẹ́yìn. Ṣé ẹ lè tẹ́ ọmọ yín sórí rẹ̀ bó ṣe wà yẹn? Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò ibi tó ní àbùkù pẹ̀lú ibi tó dára, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onítọ̀hún kó tó wá. Ànọ́bì ki ọwọ́ bọ inú oúnjẹ ẹni tó ń tajà, ó bá omi nísàlẹ̀, ó ní kí ló dé tí kò gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i. Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn, ó sì kan ẹ̀yin tó ń tà á lórí Facebook náà, àmọ́ ẹni tí a fún lọ́fẹ̀ẹ́ kò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ tó kéré sí ti oníbàárà. Ẹ sọ fún un pé tí kò bá wù ú, kò sí ìbínú. Tí ẹ bá sì lágbára, ẹ fi fáànù yín gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì má ṣe máa sọ ọ́ káàkiri lọ́jọ́ Yídì pé orí bẹ́ẹ̀dì yín ló ń sùn. Áyà 264 nínú Baqarah yẹn náà ti sọ ohun tí ìrègún máa ń ṣe sí sàárà.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní "ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sílé," ìbéèrè kan náà ni. Ará ilé kì í ṣe ààtàn.

Èyí tí kò bá ṣeé kó lọ, tí kò sì ṣeé fi tọrẹ, ìdọ̀tí ni, ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀. Ẹ má gbé e ti ògiri ìta lóru. Mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀ka ìgbàgbọ́ gẹ́gẹ́ bí Ànọ́bì ṣe sọ, àwa la ó wá máa gbé e síbẹ̀? Ní England, owó ìtanràn tí káńsù lè bù fún ẹni tó da ẹrù sí ìta lè dé £1,000. Tí ẹ bá gbé e fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kíkó ìdọ̀tí, tó lọ dà á sínú igbó, wọ́n ṣì lè bu tó £600 fún ẹ̀yin náà. Káńsù máa ń wá gbé ẹrù ńlá lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba owó díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta mátírẹ́ẹ̀sì tuntun náà máa ń gba ti àtijọ́ lọ tí ẹ bá sanwó. Ṣọ́ọ̀bù àánú kì í gbà á tí àkọlé tó fi hàn pé ó bá òfin iná mu bá ti já kúrò lára rẹ̀, nítorí náà ẹ má kàn lọ jù ú sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Mo ti dá tọkọtaya wa lóhùn. Mo ní kí Baálé yọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, kó sùn sí ẹ̀gbẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń sùn fún òru kan. Ó pè mí lẹ́yìn sààrì, ó ní káńsù ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Ẹni tí wọ́n ní kí n wá ṣì wà. Ọmọbìnrin kan ni, òun àti ọmọ rẹ̀ kékeré, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sùn láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tó bá ní mátírẹ́ẹ̀sì tó dára, tàbí tó fẹ́ dá owó ká fi ra ọ̀kan kí ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn tó wọlé, kó fèsì sí ìwé yìí. Ẹ kọ bó ṣe fẹ̀ tó, ọdún tí ẹ rà á, àti gbogbo àbùkù tó wà lára rẹ̀. Èmi yóò kà á fún un, òun ló máa sọ bóyá ó fẹ́ ẹ.