Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé, kí ó kọ́kọ́ jókòó



Nínú Ìhìnrere Lúùkù Mímọ́, orí 14, ẹsẹ 28 dé 30, Jésù sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́. Ó béèrè bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀, kí ó má baà fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ tán kí ó sì di ẹni ẹ̀sín. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbélébùú àti ti jíjẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn ni Olúwa ń sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a yára fo ilé náà kọjá. Ilé gbẹ́nàgbẹ́nà ni a ti tọ́ Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yìí dàgbà ní Násárẹ́tì.

Ní ilẹ̀ wa, díẹ̀díẹ̀ ni a ń kọ́lé. Ẹ ra àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá lónìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èsúsú kàn yín, ẹ ra irin. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àṣìṣe wa ni pé iye tí mọlémọlé bá dá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a gbà pé òun ni gbogbo owó ilé. Ilẹ̀ kò sì tíì sọ tirẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, lẹ́bàá ọ̀sà, omi lè sun nínú ihò ìpìlẹ̀ kí ó tó jìn dé orúnkún. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ lè bá àpáta pàdé. Ní Kétu, omi jìnnà sí ojú ilẹ̀, a sì lè ra èyí tí a ó fi po sìmẹ́ńtì. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013, ìwé tí ẹni tí ó ta ilẹ̀ fọwọ́ kọ nìkan kò tó mọ́. Owó àwọn tí ń wọn ilẹ̀ àti owó ìwé ìjọba wà lára owó ilé.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, láti òkèèrè ni ìṣòro ti ń wá. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo tí à ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì lọ́dọ̀ wa gbówó lórí. Ẹni tí ń gbé yanrìn mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí ní oṣù kìíní ọdún 1994, nígbà tí a gé owó sẹ́fà sí méjì: fráǹkì Faransé kan tí ó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100. Ògiri ilé bàbá mi ti dé ojú fèrèsé. Irin àti páànù tí ń ti òkè òkun wá kọjá agbára rẹ̀. Bàbá mi kò ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀. Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ó jẹ mọlémọlé ni ó fi ra irin, ó ní kí ọkùnrin náà ní sùúrù. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Mísà, mọlémọlé yìí a wá jókòó sábẹ́ igi ní àgbàlá wa, kò ní sọ̀rọ̀. Ìyá mi a gbé oúnjẹ fún un. Òun náà ní ọmọ nílé. Olóòótọ́ ni bàbá mi, kì í jalè. Síbẹ̀ owó ẹlòmíràn ni ó wà nínú ògiri wa.

Ẹ wo ohun tí Katekísìmù Ìjọ Kátólíìkì fi kọ́ wa. Nọ́ńbà 1806 ka ìmòye mọ́ àwọn ìwà rere, ìwà tí ń jẹ́ kí a mọ ohun tí ó tọ́, kí a sì yan ọ̀nà tí ó yẹ láti ṣe é. Nọ́ńbà 1867 sì ka àìṣòdodo sí alágbàṣe mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ń ké sí ọ̀run. Jákọ́bù Mímọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, orí 5, ẹsẹ 4. Ìgbà tí ìmòye kùnà ni bàbá mi bọ́ sínú ìkejì.

Ìbéèrè: Ẹni tí ń tọ́jú owó de ìṣòro, ǹjẹ́ kò fi hàn pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run?

Ìdáhùn: Rárá. Ọlọ́run kan náà ni ó fi àlá Fáráò yé Jósẹ́fù ní Íjíbítì, Jósẹ́fù sì ní kí a máa kó ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè pamọ́ (Jẹ́nẹ́sísì 41). Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá pọ̀ jù fún yín, ẹ mú 15 nínú 100. Bí a bá dá 6.000.000 fráǹkì fún ilé, 900.000 nìyẹn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Kí ọkọ àti aya mọ ibi tí ó wà, kí ẹnikẹ́ni má fi ra aṣọ òkú tàbí kí ó fi kun ilé ní ọ̀dà tí ó rẹwà.

Ìbéèrè: Bí 900.000 kò bá sí ńkọ́?

Ìdáhùn: Kí ilé kéré sí i. Yàrá méjì tí páànù wà lórí rẹ̀ kí òjò oṣù kẹta tó dé sàn ju yàrá márùn-ún tí koríko ń hù nínú rẹ̀. Kí a sì san owó òṣìṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí a tó ra ohun èlò mìíràn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá pe àlùfáà kí ó wá fi omi mímọ́ wọ́n ilé yín, ẹ ránṣẹ́ pe mọlémọlé náà. Bàbá mi pe tirẹ̀ ní ọdún 1998, lẹ́yìn tí ó ti san gbogbo owó rẹ̀ fún un. Ó wá, ó wọlé, ó fọwọ́ kan ògiri, ó sì jẹun pẹ̀lú wa.