Ta Ni Ó Ni Orin Tí A Kò Mọ Ẹni Tí Ó Dá A?

Ìfáárà

Bí sinimá bá parí, tí iná tàn, tí olúkúlùkù sì dìde láti máa lọ sí ilé rẹ̀, ohun méjì ni ó máa ń bá òǹwòran délé. Èkíní ni ìtàn, èkejì ni orin. Ìtàn a máa tètè ṣá. Kí ó tó di ọdún kejì, òǹwòran ti gbàgbé orúkọ àwọn òṣèré, kò sì dá a lójú mọ́ bí ọkọ ni ó kọ ìyàwó tàbí ìyàwó ni ó kọ ọkọ. Ṣùgbọ́n orin kan lè wà níbẹ̀, bóyá èyí tí ó ń dún lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lórí afárá, tí kò ní fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń fọ aṣọ, orin náà ni yóò máa kùn sínú. Yóò bi ará ilé, yóò bi ọ̀rẹ́, yóò bi ẹni tí ń ta àwo orin. Gbogbo wọn yóò sọ pé àwọn ti gbọ́ ọ rí, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka irú ìwádìí báyìí sí iṣẹ́ ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní bí oyin bá ti dùn, kí ni ó kan ẹni tí ń lá a nípa ihò igi tí wọ́n ti fà á yọ? Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Orin kì í ṣe oyin. Ènìyàn ni ó dá a, ènìyàn a sì máa ní orúkọ, a máa ní ẹbí, a sì máa ní ọjọ́ ikú. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àpilẹ̀kọ yìí ni pé, ǹjẹ́ ẹni tí orin dùn mọ́ jẹ ẹni tí ó dá a ní gbèsè? Bí ó bá jẹ ẹ́, kí ni gbèsè náà?

Bí Orin Inú Sinimá Ṣe Ń Pàdánù Orúkọ Rẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni orin ń gbà wọ inú sinimá. Ẹni tí ń ṣe sinimá lè bẹ akọrin ní iṣẹ́ pé kí ó dá orin tuntun. Ó sì lè san owó láti lo orin tí ó ti wà nínú àwo tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni pé kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe orin sílẹ̀ de oníbàárà, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ tí ń rán aṣọ sílẹ̀ de ọjà. Láti 1909 ni ilé iṣẹ́ De Wolfe ti wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dọ̀ irú wọn, orin ìbànújẹ́ wà, orin eré sísá wà, orin ẹ̀rù wà. Ẹni tí ó bá sanwó ni yóò mú èyí tí ó bá wù ú. Orin kan náà lè wà nínú sinimá púpọ̀, kí orúkọ ẹni tí ó dá a má sì hàn sí òǹwòran nínú ẹyọ kan.

Síbẹ̀, ẹnì kan mọ̀. Ìwé kan wà tí àwọn tí ń ṣe sinimá máa ń kọ, tí wọ́n fi ń to àwọn orin inú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó dá a, ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, àti bí ó ti dún pẹ́ tó. Ìwé yìí ni àwọn ẹgbẹ́ tí ń gba owó fún àwọn tí ń dá orin fi ń mọ ẹni tí owó tọ́ sí. Inú ọ́fíìsì ni ó ń gbé, òǹwòran kì í rí i. Bí ó bá sọnù, tàbí tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ rárá, orin náà di ọmọ òrukàn. Nítorí náà, a kò lè sọ pé bí a ti bí orin náà ni ó ti jẹ́ aláìlórúkọ. Ọwọ́ ènìyàn ni orúkọ rẹ̀ ti bọ́.

Orin Ìṣẹ́jú-Àáyá 17

Ní 2021, ẹnì kan gbé ègé orin kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n jọ̀wọ́ sọ fún òun. Ègé náà kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 17 lọ, ohùn rẹ̀ sì ti bàjẹ́ bí ohùn kásẹ́ẹ̀tì tí oòrùn ti pa. Ó ní àárín àwọn ohun àtijọ́ tí òun kó pamọ́ ni òun ti rí i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ dìde láti wá a. Àwọn kan ní orin ìpolówó ọjà ni, àwọn mìíràn ní orí tẹlifíṣọ̀n ni ó ti wá. Nígbà tí wọ́n wá a títí tí wọn kò rí i, àwọn kan nínú wọn yíjú padà sí ẹni tí ó mú ègé náà wá. Wọ́n ní irọ́ ni ó pa, pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe orin náà láti fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́.

Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n tó rí i. Orúkọ orin náà ni "Ulterior Motives". Inú sinimá kan tí ń jẹ́ Angels of Passion, ti ọdún 1986, ni ó wà. Sinimá oníhòòhò ni, irú èyí tí baba kì í wò níwájú ọmọ. Àwọn tí ó dá orin náà ni Christopher Saint Booth àti Philip Adrian Booth, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ń ṣe orin fún irú sinimá bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá sì mọ òwe yóò ti sọ pé ẹni tí ó wá ìwákúwàá yóò rí ìrikúrìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ó fi hàn pé àìmọ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí kò bá rí òtítọ́ dì mú, ẹni tí ó bá wà nítòsí ni yóò dì mú. Ẹni tí ó bèèrè ìbéèrè tòótọ́ di òpùrọ́ lójú àwọn ènìyàn kan, ọjọ́ tí wọ́n sì rí orúkọ orin náà ni orúkọ tirẹ̀ tó mọ́. Lọ́nà kejì, ó fi hàn pé ibi tí iṣẹ́ wà, ọ̀tọ̀. Bí iṣẹ́ ṣe dára tó, ọ̀tọ̀. Àwọn tí wọ́n bẹ̀ ní iṣẹ́ lè rò ó pé kò sí ẹni tí yóò fetí sí orin nínú irú sinimá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ náà ṣákálá. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe é débi pé ìṣẹ́jú-àáyá 17 nínú rẹ̀ mú ọkàn àwọn tí kò rí àwòrán rẹ̀ rí.

Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Láti Wá Ẹni Tí Ó Lè Má Fẹ́ Kí A Rí Òun?

Atakò kan wà níbí tí ó lágbára. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ nígbà èwe nítorí àtijẹ, tí ó sì ti di baba tàbí ìyá lónìí, lè má fẹ́ kí wọ́n máa fi iṣẹ́ náà pè é. Ṣé nítorí pé orin dùn mọ́ àlejò, àlejò wá ní ẹ̀tọ́ láti ká aṣọ lára onílé?

Kò ní ẹ̀tọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó fi ara rẹ̀ pamọ́ àti ẹni tí àwọn ẹlòmíràn bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá orin lè wá a dé ẹnu ọ̀nà, kí ó kan ilẹ̀kùn, kí ó sì dúró. Bí onílé bá ní kí ó padà, kí ó padà. Ohun tí kò bójú mu ni kí ó fọ ilẹ̀kùn, tàbí kí ó sọ ìtìjú ẹlòmíràn di ọjà. Ní ti àwọn Booth, wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ni àwọn dá orin náà, ọ̀rọ̀ sì dẹ̀rọ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbọ̀wọ̀ fún àṣírí kẹ́wọ́ láti má kan ilẹ̀kùn rárá. Ìtàn kejì ni yóò fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀.

Kìnnìún Solomon Linda

Ní 1939, ní ìlú Johannesburg, Solomon Linda àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Evening Birds, kọ orin kan sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Gallo. Ọmọ Zulu ni Linda, orúkọ orin náà sì ni "Mbube", èyí tí ó túmọ̀ sí kìnnìún. Àwo náà tà gan-an ní Gúúsù Áfíríkà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó dé ọwọ́ Pete Seeger ní Amẹ́ríkà láti ọwọ́ Alan Lomax. Seeger kò gbọ́ èdè Zulu. Ó ṣi ọ̀rọ̀ inú orin náà gbọ́, àṣìgbọ́ náà, "Wimoweh", sì di orúkọ orin lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀, the Weavers. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, orúkọ tí wọ́n kọ sí i ni Paul Campbell. Kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àdápè ni the Weavers máa ń lò fún orin tí wọ́n bá kà sí orin àtayébáyé. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ orúkọ ẹni tí a kò bí rí sí ibi tí ó yẹ kí orúkọ alààyè wà.

Ní 1952, Linda fi ọwọ́ sí ìwé tí ó gbé ẹ̀tọ́ orin náà fún Gallo. Ṣílè 10 ni owó tí ìtàn sọ pé ó gbà. Ní 1961, the Tokens kọ orin náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun, ó di "The Lion Sleeps Tonight", ayé sì gbà á. Linda kú ní 1962 nínú òṣì. Ọdún 18 kọjá kí òkúta tó wà lórí sàréè rẹ̀. Nígbà tí sinimá The Lion King jáde ní 1994, orin náà wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọdé káàkiri ayé ń kọ ọ́, àwọn ọmọbìnrin Linda sì ń gbé ní Soweto nínú àìní.

Ní 2000, akọ̀ròyìn Rian Malan tọ ipasẹ̀ orin náà padà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Linda. Ó ṣírò pé owó tí orin náà ti pa á tó mílíọ̀nù dọ́là 15. Ní 2004, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Agbẹjọ́rò Owen Dean fa òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1911 yọ, èyí tí ó ní bí ẹni tí ó dá iṣẹ́ bá ti kú fún ọdún 25, ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò padà sí ọwọ́ àwọn àrólé rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti tà á nígbà ayé rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ Dean bá rí bẹ́ẹ̀, láti 1987 ni orin náà ti padà sílé, ọdún méje ṣáájú sinimá náà. Ní 2006, wọ́n fi ìpẹ̀tù parí ẹjọ́ náà. Àwọn ọmọ rí owó gbà, orúkọ Linda sì wọ ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá orin náà. Ó ti kú fún ọdún 43.

Oríṣi "A Kò Mọ̀" Méjì

Bí ènìyàn bá gbé ìtàn méjèèjì sórí ìwọ̀n, yóò rí i pé "a kò mọ̀" kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn tí ó wá "Ulterior Motives" kò mọ̀ nítòótọ́. Wọ́n wá, wọn kò rí, wọ́n tún wá. Ní ti "Mbube", ara àwo tí ó rìnrìn-àjò dé Amẹ́ríkà ni orúkọ Linda wà. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò, wọn kò sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní ète ibi. Seeger sọ pé òun ti ní kí wọ́n máa fi owó ránṣẹ́ sí Linda. Ṣùgbọ́n òwò tí ó ń pa mílíọ̀nù kì í yára láti wá ẹni tí yóò bá a pín in. Irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní èrè nínú, àìmọ̀ tí ó bá sì ní èrè nínú kò jìnnà sí olè jíjà. Kò sí ohun tí Yorùbá fi ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́ wé bí kò ṣe ọlọ́ṣà tí ó kó ni lẹ́rù lọ.

Ẹnì kan lè ní orin àtayébáyé kò ní olówó, pé ilẹ̀ Yorùbá pàápàá kún fún orin tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó dá a. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a wo bí àwọn tí ó ni irú orin bẹ́ẹ̀ ti ń lò ó. Oníjàálá kì í la ẹnu kí ó kàn bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ júbà: yóò júbà ọ̀gá tí ó kọ́ ọ, yóò júbà àwọn tí ó ti lọ. Kò mọ orúkọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọ́n wà, ó sì fi àyè wọn sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó kọ Paul Campbell sí orí orin Linda kò fi àyè sílẹ̀. Ó dí àyè náà pa. Ohun tí gbogbo ìlú jọ ni kì í ṣe ohun tí àlejò lè gbé lọ kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí.

Ìgúnlẹ̀

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé òǹwòran jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n gbèsè náà mọ níwọ̀n. Owó ìwọlé tí ó san kò sọ ọ́ di ẹni tí yóò bọ́ àwọn ọmọ akọrin. Ohun tí ó jẹ ni pé kí ó má ṣe gbà pé orin kan lè ṣàdédé wà, kí ó bèèrè níwọ̀n bí agbára rẹ̀ ti mọ, kí ó má sì fi ẹ̀sùn irọ́ kan ẹni tí ó ń bèèrè. Gbèsè àwọn tí ń fi orin pa owó ju èyí lọ. Àwọn ní ìwé lọ́wọ́, àwọn ní agbẹjọ́rò, ojúṣe wọn sì ni láti mọ̀ kí wọ́n tó náwó rẹ̀.

Ìwádìí kò jí Solomon Linda dìde, owó náà kò sì dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní kò sí ẹni tí ó bèèrè ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ì bá máa gbọ́ ohùn orin baba wọn láti inú tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò títí di òní, wọn kì bá sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé sinimá, tí ó ń kùn orin sí àwọn tí ń jáde létí, tí ó ń bèèrè pé ta ni ó dá a, kí wọ́n má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n sọ fún un. Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá a bèèrè.