Ta Ni Ó Ni Ọgbọ́n Inú Irinṣẹ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi owó àti òógùn ojú rẹ̀ wá ọgbọ́n kan rí, ṣé dandan ni kí ó fi í han gbogbo ayé? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí ó kan àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ọpọlọ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́. Àmọ́ àwọn iṣẹ́ kan pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ṣe àwọn ẹ̀rọ tí ń bá a mú iṣẹ́ yá. Èyí tí ó lókìkí jù ni GPU, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwòrán eré orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá aránṣọ kan lè dá agbádá rán tán, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ̀rún bọ́tìnnì bá wà nílẹ̀, ẹgbẹ̀rún ọmọ iṣẹ́ ni yóò yá ju ọ̀gá kan lọ. Bí GPU ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà fi káàdì GPU méjì láti ilé iṣẹ́ NVIDIA kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá ohun inú àwòrán mọ̀, wọ́n sì borí nínú ìdíje. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ ní òye ti ń sáré tọ GPU lọ.

Ẹ̀rọ kì í dá ṣiṣẹ́. Ó ní irinṣẹ́ tí a fi ń pàṣẹ fún un. Ní ọdún 2007 ni NVIDIA gbé CUDA jáde. A kì í sanwó kí a tó gbà á. Ṣùgbọ́n káàdì NVIDIA nìkan ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò sì ṣí ọ̀pọ̀ jù nínú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀. Ohun ọ̀fẹ́ àti ohun tí a ṣí sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí wọ́n bá bu àgbo fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ láì fi ewé inú rẹ̀ hàn ọ́, ẹnu ọ̀nà wọn ni wàá máa padà sí.

Ẹ jẹ́ kí á gba ti onílé iṣẹ́ rò. Ó náwó, ó sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí èrè tó dé. Àwọn baba wa pàápàá, alágbẹ̀dẹ àti oníṣègùn, a máa fi iṣẹ́ wọn sínú ìdílé. Nítorí náà, àṣírí nìkan kò sọ ènìyàn di ìkà.

Síbẹ̀, bí mo bá fún ọ ní iṣu, tèmi dín. Bí mo bá fún ọ ní ìmọ̀, tèmi kò dín. Ẹ tún wo ẹni tí ó fi ọdún mẹ́wàá kọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí irinṣẹ́ kan. Bí ẹlòmíràn bá gbé káàdì tí kò wọ́n wá sí ọjà, kò lè ṣí lọ láì tún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà kọ. Ọ̀nà ọjà ti gba inú àgbàlá ẹnìkan kọjá. Onítọ̀hún lè má gba owó oníbodè lónìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Àwọn kan ti la ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2008, ẹgbẹ́ Khronos, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, fọwọ́ sí ìlànà OpenCL tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ lé. AMD bẹ̀rẹ̀ ROCm ní ọdún 2016, wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2022, NVIDIA pàápàá ṣí apá kan sílẹ̀ nínú ohun tí ń so káàdì rẹ̀ mọ́ Linux, ṣùgbọ́n kò ṣí CUDA. Ẹni tí èrò kò tíì pọ̀ níwájú igbá rẹ̀ ló sábà máa ń tètè ṣí igbá. Ìyẹn lè má jẹ́ inú rere, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ kò kéré.

Ìdájọ́ tèmi rèé: kí oníṣòwò ta káàdì rẹ̀ ní iye tí ó bá fẹ́, kí ó sì pa àṣírí bí ó ṣe ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ tí gbogbo ayé gbára lé kò yẹ kí ó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ẹnìkan. Lóòótọ́, irinṣẹ́ tí a ṣí sílẹ̀ kò ní kí iná mànàmáná má lọ, kò sì ní sọ káàdì di ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá rí inú irinṣẹ́ lè tún un ṣe, kò ní jẹ́ oníbàárà títí ayé.

Ojúṣe tiwa náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí a bí sẹ́yìn odi lè má mọ àáró. Àwọn àgbẹ̀ a máa kóra jọ ro oko ẹnìkan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la. Ẹni tí wọ́n bá bá ro tirẹ̀ tán, tí ó wá sá pamọ́ nígbà tí ó kan oko ẹlòmíràn, ẹ̀tẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni irinṣẹ́ tí a ṣí sílẹ̀ rí: àwọn ènìyàn ló ń jí lóru tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa tọ́ka sí àṣìṣe inú rẹ̀, kí wọ́n máa tún un ṣe, kí wọ́n sì máa ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ọgbọ́n wọ́n àwọn ọmọ wa. Àṣẹ.